Ìwé Opó Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lójú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí mò ń sọ yìí, kọ̀ǹpútà mi kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹni tó bá ti tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan án ti wọlé nìyẹn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, àlòkù tí mo rà ní Kútọnu. Ọkùnrin tó tà á fún mi ló bá mi yọ ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín fi sí i, inú mi sì dùn pé n kò ní máa há nǹkan sórí kiri.

Kì í ṣe pé n kò tọ́jú rẹ̀. Mo tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ìyàwó tuntun. Mo fi àwòrán ìyá mi tó ti kú sójú rẹ̀. Mo mú kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi nítorí ojú mi tó ti ń ṣe bàìbàì. Bọ́tìnnì àwọn Faransé ló wà lára rẹ̀, kò sì sí ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wá ọ̀nà tí yóò fi máa kọ èdè wa bó ṣe yẹ, mo sì fò sókè lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbà. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo ṣe lóge. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà létí ọ̀nà tó wọ ọjà Adja-Ouèrè. Ìwé ni mò ń bá àwọn èèyàn kọ: ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé ìwáṣẹ́, ìwé ẹ̀sùn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ẹ̀ka èdè Ọ̀họ̀rí ni wọ́n fi ń sọ tẹnu wọn, Faransé sì ni ọ́fíìsì ń fẹ́. Èmi ni mo wà láàárín. Bí mo bá kọ ìwé tán, ojú kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ni mo máa ń fi í sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ìyá mi nínú àwòrán, màá sì fi orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pè é kí n lè tètè rí i. Ìwé bí ogójì ló wà níbẹ̀ nígbà náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà òjò, obìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá láti abúlé kan lẹ́yìn Ikpinlè. Ó jù mí lọ dáadáa. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé àga fún un, àmọ́ kò jókòó títí tó fi wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Àbúrò, ṣé àwa méjì péré ló wà níbí?”

“Àwa méjì ni, Màmá.”

Ìgbà yẹn ló tó sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tó kú. Oko ọ̀pẹ kan wà tí ọkọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn pín fún un. Oko yẹn ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń jẹun. Nísinsìnyí, àbúrò ọkọ rẹ̀ ń sọ pé bàbá àwọn kò pín nǹkankan fún ẹnikẹ́ni, pé òun ni ilẹ̀ náà kù fún. Ẹ̀rí tó wà kò ju méjì lọ: ìlà pèrègún tí wọ́n gbìn sí ààlà, àti bàbá àgbàlagbà kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín. Bàbá náà ti gbà láti bá a wá sí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní ọjọ́ Ẹtì, kó wá tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀sùn rẹ̀.

“Ọkọ mi kékeré kò gbọdọ̀ gbọ́ kó tó di Ẹtì,” ó ní. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè é, bí aya ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ, kódà nínú ìbínú. “Bó bá gbọ́, á hú pèrègún yẹn. Ọ̀rọ̀ mi á wá di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.”

“Kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu mi, Màmá.”

Òótọ́ ni mo sọ. Kì í ṣe lẹ́nu mi ló ti gbọ́ ọ.

Mo kọ ìwé náà, mo kà á fún un ní èdè wa, ó ní ibì kan kò rí bẹ́ẹ̀, mo tún un ṣe. Ó ní òun yóò wá gbà á láàárọ̀ Ẹtì pẹ̀lú bàbá náà. Òun kò fẹ́ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sùn nínú ilé tí àwọn àna òun ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde. Nígbà tó lọ tán, mo wá orúkọ tí màá fi pe fáìlì náà. Orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ gan-an ni mo kọ síbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, mo sì kọ “ẹ̀sùn” síwájú rẹ̀. Mo fi í sójú kọ̀ǹpútà, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe kírun ọ̀sán tán, ọkùnrin kan wọlé. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀wù rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù. Ó mú kílé kan lọ́wọ́, ohun kékeré bí ìka tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà láti fi kó ìwé. Ó ní kí n bá òun tẹ ìwé ìpè kan jáde, ìrántí ọdún kan ẹ̀gbọ́n òun ló ń bọ̀ lọ́nà.

“Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un,” mo ní.

“Àmín, màdáàmù.”

Mo ki kílé náà bọ̀ ọ́, mo ṣí ìwé ìpè náà láì kà á, mo sì rí i pé bébà ti tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹnì kan tó ń ṣe fọ́tókópì wà ní òdìkejì ọ̀nà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti máa ń yá bébà. Mo ní kí ọkùnrin náà ṣe sùúrù, mo sì sáré jáde. Mo fi í sílẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣíṣí, lórí àga tèmi. Ẹni tó ni fọ́tókópì ń bá oníbàárà jiyàn, mo sì dúró dè é. Kò pẹ́ púpọ̀, àmọ́ ó tó kí èèyàn fi jẹ ẹ̀kọ méjì.

Nígbà tí mo padà, ọkùnrin náà ti dìde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kílé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo ti yọ ọ́,” ó ní. “N kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ lónìí.”

“Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n? Bébà ti dé.”

Ó wò mí. Kò jọ ẹni tó ń bínú, ohun tó sì bà mí lẹ́rù nìyẹn. “Màdáàmù, ṣé gbogbo ìwé tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ lẹ máa ń kọ?”

“Iṣẹ́ mi ni.”

“Ó dáa.” Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà Ikpinlè.

Mo jókòó. Àga náà ṣì gbóná. Ìwé ìpè kò sí lójú kọ̀ǹpútà mọ́, ìyá mi nìkan ló ń wò mí. Mo ṣí ibi tí ẹ̀rọ máa ń to àwọn ìwé tí wọ́n ṣí gbẹ̀yìn sí. Èyí tó wà lókè pátápátá ni ìwé ẹ̀sùn opó náà. Láti àná, n kò fọwọ́ kàn án. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìwé ìpè ọkùnrin náà. Orúkọ olóògbé ló fi pè é, orúkọ kan náà tí mo ti tẹ̀ sórí ìlà kejì ẹ̀sùn lánàá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí màá fi tan ara mi. Bóyá ó kàn ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni. Bóyá kò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀. Bóyá kò dà á kọ sínú kílé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè sọ fún mi pé wọ́n ṣí ìwé náà. Kò lè sọ fún mi ibi tí ojú ọkùnrin náà kà á dé.

Mo pe fóònù opó náà. Kò lọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò lọ.

Màá sọ òótọ́: mo ronú àtidákẹ́. Ta ni yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi lọ̀rọ̀ ti jò? Ní abúlé, ọ̀rọ̀ lè ti ibi púpọ̀ jò. Wọ́n á ní bàbá àgbàlagbà yẹn ló sọ̀rọ̀ jù. Ibi tí mo ronú dé yìí ló lé mi dìde. Bàbá tí n kò fojú kàn rí ni mo fẹ́ di ẹ̀bi mi rù. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé kọ̀ǹpútà sínú báàgì, mo sì pe ọlọ́kadà.

Òjò àárọ̀ ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Lẹ́yìn Ikpinlè, a yà kúrò lójú títì, a wọ ọ̀nà tóóró tó gba àárín àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni alùpùpù fẹ́ yọ̀ dànù lábẹ́ wa.

“Tantí, ẹ dì mí mú o,” ọlọ́kadà ní. “Kí ló ń lé yín?”

Gbogbo alùpùpù tí mo bá gbúròó rẹ̀ níwájú, mo rò pé ti ọkùnrin náà ni.

A bá opó náà ní ẹbu, níbi tí òun àti obìnrin kan ti ń se ẹyìn lórí iná. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo wá kí òun ni. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Màmá, mo ti ṣẹ̀ yín. Ọkọ yín kékeré wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí. N kò mọ̀ pé òun ni. Mo fi í sílẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, ó sì ṣí ìwé yín.”

Ẹ̀rín náà kò tètè kúrò lójú rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ bí ohun tí èèyàn gbàgbé.

“Ó kà á?”

“N kò mọ̀.”

“Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó gbọ́ Faransé jù ọ́ lọ.” Ó ju igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Báwo ló ṣe mọ̀ pé ìwé mi ni?”

“Orúkọ rẹ̀ ni mo fi pè é. Ó hàn lójú ẹ̀rọ.”

“Mo ní kó o pa á mọ́. O wá kọ ọ́ síta bí ẹni kọ orúkọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù.”

Kò pariwo. Ó yíjú sí obìnrin kejì, ó ní kó sáré lọ pe bàbá wá sí oko, bó bá bá a nídìí oúnjẹ, kó gbé e dìde. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo sì ń sáré tẹ̀ lé e.

A gbúròó àdá kí a tó rí ẹni tó mú un dání. Pèrègún bí ogún ló wà lórí ìlà náà, wọ́n ti dàgbà, ìdí wọn ti ki. Mẹ́rin ti sùn sílẹ̀ tòun ti gbòǹgbò, ilẹ̀ inú ihò wọn ṣì tutù. Ìkarùn-ún ni ọkùnrin náà ń wa nídìí. Ó ti bọ́ ẹ̀wù tó mọ́ yẹn, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi.

Opó náà fẹ́ bọ́ síwájú, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò ná.”

Mo dúró lẹ́yìn ọ̀pẹ kan. Mo ya ìlà náà, mo ya àwọn ihò, mo ya ọkùnrin náà pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. N kò rántí pé fóònù náà máa ń dún tó bá ya fọ́tò. Ó dún. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó sì mọ̀ mí.

“Màdáàmù oníwèé,” ó ní. “Ẹ tún tẹ̀ lé ìwé yín dé oko.” Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kò sáré. “Ẹ mú fóònù yẹn wá.”

“N kò ní í mú un wá.”

“Ilẹ̀ bàbá mi lẹ dúró sí. Ẹ mú un wá!”

Opó náà wọ àárín àwa méjèèjì. Orí rẹ̀ kò kọjá àyà ọkùnrin náà.

“Ọkọ mi,” ó ní, “èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí. Èmi ni mo ní kó kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n yín kò tíì pé ọdún kan nínú ilẹ̀.”

“Ẹ fẹ́ fi mí sùn ní mérì! Ẹ gbé orúkọ mi fún ẹni tí kò mọ̀ mí, kó máa kọ ọ́ lédè òyìnbó!”

“Mo kọ́kọ́ fi yín sùn nílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ẹ ò dá mi lóhùn.”

Àdá náà gòkè díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun gbé e. Mo ti fóònù náà sínú aṣọ mi.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí bàbá àgbàlagbà náà dé. Ó ń fi ọ̀pá rìn, èémí rẹ̀ ń gùn, ọbẹ̀ ṣì wà ní ìka rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó lọ sídìí ihò àkọ́kọ́, ó fi ọ̀pá kàn án. Ó lọ sí ìkejì, ó lọ sí ìkẹta àti ìkẹrin. Nígbà tó dé ìdí pèrègún karùn-ún tó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í.

“Èmi ni mo di èyí mú kó tó dúró,” ó ní. “Bàbá rẹ ló ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ìwọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, o ò sí nílé.”

“Bàbá, ẹ dìde níbẹ̀.”

“Bó o bá fẹ́ hú ìyókù, èmi ni kó o kọ́kọ́ hú.”

Ọkùnrin náà wo bàbá, ó wo àwọn igi tó sùn sílẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló hú wọn. Lẹ́yìn náà, ó mú ẹ̀wù rẹ̀ lórí ẹ̀ka, ó sì lọ. Ìgbà tí a gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀ tó ń jìnnà la tó gbà pé ó ti lọ lóòótọ́. Opó náà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, ó sì sunkún.

A kò dúró de ọjọ́ Ẹtì. Ọlọ́kadà méjì ló gbé wa padà sí ìlú. Mo tẹ ìwé náà jáde, mo tẹ àwọn fọ́tò náà mọ́ ọn, bàbá tẹ̀ka, wọ́n sì gbà á ní mérì kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n wá wọn ilẹ̀, wọ́n gbọ́rọ̀ lẹ́nu bàbá àti àwọn àgbà ilé. Oko ọ̀pẹ dúró sọ́wọ́ opó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Apá tó kọjú sí odò, níbi tí kò sí pèrègún kankan, wọ́n fún àbúrò ọkọ. Ojúlé méjì ni wọ́n ti ṣe ìrántí olóògbé náà, kò sì sẹ́ni tó gbé oúnjẹ láti ọ̀kan lọ sí èkejì.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n hú pèrègún yẹn, mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Oko-Akarè, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò tó sì mọ tinú-tòde ẹ̀rọ yìí. Ó kéré sí mi, àmọ́ kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi lọ́jọ́ náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ o. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dà?”

“Kò ní.”

“Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ṣí ògiri yín sílẹ̀.”

Ó ní kí n wá ọ̀rọ̀ ìwọlé. Mo ní orúkọ ìyá mi. Ó na ìka sí àwòrán: “Ẹni tó bá rí èyí, orúkọ wọn ni yóò kọ́kọ́ dán wò.” Ó ní kí n má mú orúkọ, kí n má mú ọjọ́ ìbí; kí n mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, kí n so wọ́n pọ̀ kó gùn, kí n má sì kọ wọ́n sára bébà tí màá lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ó pẹ́ kí n tó rí mẹ́rin tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọkọ mi kò mọ̀ wọ́n títí dòní.

Ó pín kọ̀ǹpútà náà sí yàrá méjì: tèmi, tí gbogbo ìwé wà, àti ti àlejò, tí kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ ju ibi ìtẹ̀wé lọ. Ẹni tó bá mú kílé wá, yàrá àlejò ni, ẹ̀rọ á sì kọ́kọ́ yẹ kílé náà wò bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ó fi bọ́tìnnì méjì hàn mí, tí mo bá tẹ̀ wọ́n pọ̀, ilẹ̀kùn á tì. Ó ní bí mo bá fẹ́ dìde, ìbáà ṣe láti tutọ́, kí n tẹ̀ wọ́n ná. Ó ṣe é kó máa ti ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì bí mo bá gbàgbé. Ó tún ti gbogbo ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ pa, kí ẹni tó bá jí i gbé má baà tú u kà.

“Ẹ gbọ́ o,” ó ní, “bẹ́ ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀yin náà ò ní lè wọlé. Ẹ ní ẹ̀dà níbòmíràn.”

Mo ra ohun ìkówèésí kan tí a ń so mọ́ ẹ̀rọ, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń da ohun gbogbo kọ sínú rẹ̀, ilé ló sì ń gbé. Òun àti kọ̀ǹpútà kì í sùn síbì kan náà.

Èyí tó nira jù ni kíkó àwọn ìwé yẹn kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Mo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi nọ́ńbà pààrọ̀ orúkọ, mo sì ń ka orúkọ wọn bí mo ṣe ń ṣe é: obìnrin tó ń bẹ ọkọ rẹ̀ kó padà wálé, ẹni tó ní àìsàn tí kò fẹ́ kí ará ilé mọ̀, ẹni tó fẹjọ́ ọ̀gá rẹ̀ sùn. Ta ni ti jókòó lórí àga mi tó ti kà wọ́n? Ti opó nìkan ni mo mọ̀. Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀ pọ̀ ju ti oko lọ, nítorí kò sí alùpùpù tí mo lè gùn lọ bá gbogbo wọn.

Mo yí tábìlì padà, kí ẹni tó bá wọlé máa rí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Àwọn kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnì kan ní mo ti ń ṣe bí òṣìṣẹ́ báǹkì. Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹ bọ́tìnnì méjì náà, mo tó dìde lọ mu omi.

Opó náà kò wá fún ìgbà pípẹ́. Bí a bá pàdé lọ́jà, á dáhùn ìkíni mi, á sì kọjá. N kò bi í ní nǹkankan. Nígbà tí ọyẹ́ ti ń mú, mo gbójú sókè lọ́jọ́ kan, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ kọ ìwé sí ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ kan. Ó jókòó, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi í lé e lọ́wọ́. Kò dìde.

“Ẹ̀dà rẹ̀ tó kù nínú ẹ̀rọ ńkọ́?”

“Mo ti í pa ni, Màmá. Kò sẹ́ni tó lè ṣí i.”

“Pa á rẹ́.”

Mo pa á rẹ́.

“Níbo ló lọ?”

Mo fi àkìtàn hàn án, ibi tí ìwé tí a pa rẹ́ máa ń kọ́kọ́ wà nínú ẹ̀rọ. Ó ní kí n da ìyẹn náà nù. Mo dà á nù. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó na ọrùn, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ibẹ̀ ṣófo. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ká ìwé rẹ̀ sí mẹ́rin, ó tì í sábẹ́ ìró.

“Ó dáa, àbúrò,” ó ní. “Ó dàbọ̀.”